Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Tún-un-wọ̀n

“Má gbàgbé ẹsẹ̀ mi o.”

Ohun tí bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń kú lọ. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tó bá ń rán an létí kó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ní òun ò ní gbàgbé, ó sì jáde lọ bu omi. Nígbà tó fi máa padà dé, nọ́ọ̀sì ti fa aṣọ bo bàbá náà lójú.

Ẹsẹ̀ tó ń wí kì í ṣe èyí tó wà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, èyí tí wọ́n gé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí wọ́n sì sin sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nínú àpótí kékeré. Ó fẹ́ kí wọ́n hú u lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú òun. Ọmọ náà ti ṣèlérí. Ohun tí bàbá náà ò mọ̀ títí tó fi kú ni pé ó ti tó ọdún márùn-ún tí ọmọ yìí ti ń purọ́ fún òun lórí ẹsẹ̀ náà.

Káfíńtà ni bàbá náà. Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá di téèpù mú nítòsí rẹ̀ nìyẹn. Tó o bá wọn pákó lẹ́ẹ̀kan, á ní kó o tún un wọ̀n. Tó o bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, á gba téèpù lọ́wọ́ rẹ, á wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, á wá máa kùn pé o ti fi àkókò òun ṣòfò. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí, ó kọ́kọ́ yíjú wo ìyàwó láti òkè délẹ̀, ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kígbe láti ẹ̀yìn pé kó tún un wọ̀n.

Ìyàwó náà kú nígbà tí ọmọ wọn wà ní ọdún mẹ́rin. Kò fẹ́ ẹlòmíì. Ó ní òun ti wò ó kiri, kò sí èyí tó bá àyè yẹn mu. Inú lẹ́búlẹ́bú pákó ni ọmọ náà dàgbà sí. Ìwé mẹ́fà ló kà. Bàbá rẹ̀ kò fi dandan lé e, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ka ju mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí ìjọ ń jókòó sí. Òun náà ló kan pẹpẹ tí Pásítọ̀ ń dúró sí wàásù. Pásítọ̀ kúrú díẹ̀. Tún-un-wọ̀n kan àpótí kan sí ẹ̀yìn pẹpẹ náà kó lè máa gùn ún, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan àyàfi àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ìṣó ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ìṣó kan tó ti dípẹtà, lára ìlẹ̀kùn àlòkù tí ẹnì kan gbé wá fún àtúnṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fà á yọ, ó ń báṣẹ́ lọ. Kò mọ̀ pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Nígbà tó fi máa gbà láti lọ sọ́sibítù, ẹsẹ̀ ti dúdú dé kókósẹ̀. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e nísàlẹ̀ orúnkún.

Ó gbà kí wọ́n gé e. Ohun tí kò gbà ni ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n ní sísun làwọn máa ń sun irú ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má dán an wò. Orí ibùsùn ló wà tó fi ránṣẹ́ pé kí ọmọ òun mú téèpù wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà yẹn. Ó ní kó wọn ẹsẹ̀ náà, láti orúnkún dé gìgísẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá ní kó tún un wọ̀n.

Ó tún un wọ̀n. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi pákó líle kan àpótí náà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá ṣe nìyẹn.

Bí ẹsẹ̀ ṣe di ọ̀ràn nìyẹn. Pásítọ̀ kò gbà láti gbàdúrà sí i. Ó ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìnkú ẹsẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín ń jẹun lọ́wọ́. Alàgbà tó ń darí kíláàsì Bíbélì ọjọ́rú ló wá ṣe é. Akọ̀wé kóòtù ni Alàgbà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ bí ẹni pé adájọ́ wà níwájú. Ó kọ orin, ó gbàdúrà gígùn, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbé àpótí náà sí i. Èèkàn kan ni wọ́n rì mọ́ ibẹ̀ fún àmì.

Láti ọjọ́ yẹn ni Pásítọ̀ àti Alàgbà ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ohun tí Alàgbà dúró lé ni pé ara yìí gan-an ló ń bọ̀ wá dìde. Eegun yìí, awọ yìí. Ó ní nígbà tí Olúwa jíǹde, ibojì ṣófo. Tó bá jẹ́ ara mìíràn ló gbé wọ̀, kí ló dé tí ti àtijọ́ kò sí nílẹ̀ níbẹ̀? Ó ní ojú àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹja níṣojú wọn. Pásítọ̀ ní ọ̀rọ̀ irúgbìn ni àpọ́sítélì fi ṣàlàyé ẹ̀, pé èyí tó bọ́ sínú ilẹ̀ kọ́ ló ń hù jáde, ara ẹ̀mí ló ń dìde, ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ó ní àwọn tó kú sómi tí ẹja jẹ ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run á máa tú inú ẹja wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Alàgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, á tú u wò, àbí ẹja ti sá pamọ́ fún un ni.

Tún-un-wọ̀n ń lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń lọ sí kíláàsì Alàgbà lọ́jọ́rú. Ọ̀pá abẹ́ abíyá mẹ́ta ló kàn kó tó rí èyí tó bá a mu. Àkọ́kọ́ gùn jù, èkejì kúrú jù. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé báwo ni òun gan-an ṣe ṣì í wọ̀n, ó ní ìrora ló di téèpù mú, kì í ṣe òun.

Lọ́jọ́ kan, Pásítọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wá bá a sọ̀rọ̀ pé kó jẹ́ kọ́rọ̀ ẹsẹ̀ náà tán. Ó ní ara tuntun ń dúró dè é, èyí tí ṣúgà ò lè jẹ, tó dára ju ti àtijọ́ lọ.

“Ẹ jókòó, sà,” ni Tún-un-wọ̀n wí. “Tẹ́ ẹ bá gbé àga yín wá kí n bá yín tún un ṣe, tí mo wá gbé àga tuntun lé yín lọ́wọ́, ṣé mo ti tún tiyín ṣe nìyẹn?”

“Tí tuntun bá dáa jù, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ ni.”

“Ẹ ó dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ ó bi mí pé tèmi dà.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Alàgbà gbọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi àga náà kọ́ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyẹn bí Tún-un-wọ̀n nínú. Ó ní òun ò fi ọ̀rọ̀ òun ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti bá ẹlòmíì jà. Ẹsẹ̀ òun lòun ń sọ. Ó ní ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni òun fi ẹsẹ̀ yẹn rìn, òun mọ̀ ọ́n, ó mọ òun.

Ṣùgbọ́n ìjọ ti pín. Àwọn tó wà lẹ́yìn Alàgbà ń jókòó sápá òsì, àwọn ti Pásítọ̀ sápá ọ̀tún. Àwọn ti Pásítọ̀ ń pe àwọn ti Alàgbà ní Ará Eegun, àwọn ti Alàgbà ń pe àwọn ti Pásítọ̀ ní Ará Afẹ́fẹ́. Àárín ni Tún-un-wọ̀n máa ń jókòó sí, ọ̀pá rẹ̀ á nà gbọọrọ sójú ọ̀nà, ìhà méjèèjì ló sì ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ìjọ kọ́ yàrá kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí Pásítọ̀ á ti máa múra. Ọmọ Tún-un-wọ̀n wà lára àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Lójú rẹ̀ ni bíríkìlà ṣe wá èèkàn tó máa so okùn mọ́, tó rí ọ̀kan nílẹ̀ tó dúró gbọingbọin, tó rò pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ló rì í. Ó so okùn mọ́ ọn. Èèkàn ẹsẹ̀ ni. Orí rẹ̀ ni igun ilé bọ́ sí.

Ọmọ náà rí i. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti yá, bíríkìlà ń jágbe mọ́ gbogbo ènìyàn, ó sì rò pé òun á sọ ọ́ tí wọ́n bá jókòó jẹun. Nígbà tí wọ́n fi máa jẹun tán, kọnkéré ti wọnú ìpìlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó rántí ibi tí èèkàn náà wà.

Bàbá rẹ̀ kì í lè dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́, ọ̀pá ń yọ̀ ọ́. Nítorí náà lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, tí wọ́n bá ń padà sílé, á bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó yọjú síbẹ̀. Ọmọ á ní bẹ́ẹ̀ ni. Á bi í pé ṣé èèkàn ò tíì ṣubú. Ọmọ á ní kò tíì ṣubú. Á bi í pé ṣé koríko ti bò ó. Ọmọ á ní òun ti ro ó. Ọdún márùn-ún.

Ìyẹn ló gbé sọ́kàn nígbà tí Pásítọ̀ àti Alàgbà wá kí i lọ́jọ́ kejì tí bàbá rẹ̀ kú. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, ti dé látàárọ̀, ó ti kó gbogbo aṣọ olóògbé sórí tábìlì, ó ń ká wọn. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sórí àga onígi gígùn, wọ́n ní kí ọmọ náà jókòó sáàárín. Alàgbà ní kó fi ọkàn balẹ̀, àwọn á hú ẹsẹ̀ náà, àwọn á ṣe é bí olóògbé ṣe fẹ́. Ni ọmọ náà bá jẹ́wọ́. Ó sọ fún wọn ibi tí ẹsẹ̀ wà.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn náà, kí wọ́n sin Tún-un-wọ̀n síbi tí wọ́n ń sin gbogbo ènìyàn sí. Alàgbà ní ilé tí ènìyàn fọwọ́ kọ́, ènìyàn lè fọwọ́ wó o. Pásítọ̀ bi í pé ṣé yàrá òun ni wọ́n máa wó torí eegun kan. Alàgbà ní kó tún un sọ, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, pé eegun kan ni ó pe ara tí Kristi rà padà. Ó yọ pẹ́ńsùlù jáde lóòótọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni àǹtí náà wí, kò gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń ká, “ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹjọ́. Òkú ni. Ó wà ní mọ́ṣúárì.”

Ọmọ náà ò gbọ́ gbogbo ìyẹn dáadáa. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná. Òun kì í ṣe ẹni tó ń béèrè nǹkan nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ó béèrè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tá a bá pàdé lọ́hùn-ún, ṣé n ó dá a mọ̀?”

“Nínú ògo ni wàá ti rí i, ọmọ mi,” ni Pásítọ̀ wí. “Kò ní sí ọ̀pá, kò ní sí—”

“Báwo ló ṣe fẹ́ dá a mọ̀,” ni Alàgbà gbà á, “tó bá jẹ́ ara àjèjì lẹ gbé wọ̀ ọ́?”

“Ta ló pè é ní àjèjì? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn gan-an, ṣé wọ́n kọ́kọ́ dá Olúwa mọ̀ ni? Wọ́n bá a rìn lọ́nà gbọọrọ.”

“Wọ́n padà dá a mọ̀! Àpá wo ni Tọ́másì fọwọ́ kàn? Àpá afẹ́fẹ́ ni?”

Orí itan ọmọ náà ni wọ́n ti ń nawọ́ síra wọn. Ìka Alàgbà ń kọjá níwájú imú rẹ̀. Ó dúró kí wọ́n rántí pé òun ló béèrè. Wọn ò rántí. Ó dìde láàárín wọn, wọ́n sún mọ́ra wọn sí àyè tó fi sílẹ̀, wọ́n ń bá a lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ọjọ́ ìsìnkú, wọ́n sún un síwájú. Alàgbà kọ lẹ́tà sí olórí ìjọ, ojú ewé mẹ́rin. Àwọn obìnrin Ará Eegun wá kí ọmọ náà, wọ́n gbà á níyànjú pé kó dúró gbọin. Àwọn obìnrin Ará Afẹ́fẹ́ wá kí i, wọ́n ní kó má jẹ́ kí wọ́n fi òkú bàbá rẹ̀ ṣe òṣèlú. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó ti jẹun. Ọ̀rọ̀ náà sú u débi pé tẹ́nikẹ́ni bá ti kan ìlẹ̀kùn, á gba ẹ̀yìn jáde.

Ọ̀dọ̀ bíríkìlà ló wá lọ. Bíríkìlà náà ti darúgbó báyìí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun rò pé èèkàn àwọn ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá ní kò ṣeé wó, igun ilé ló wà, gbogbo ògiri á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ sí ìpìlẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀ fún un.

Ọmọ náà lọ bá Pásítọ̀. Ó ní ẹ̀yìn yàrá yẹn ni òun máa sin bàbá òun sí, ní igun. Pásítọ̀ ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìsìnkú, àti pé Ará Eegun á sọ pé àwọn ló borí. Ọmọ náà ní òun ò mọ ìyẹn. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irúgbìn fún un. Àǹtí tó bá a wá ló wá dá sí i.

“Pásítọ̀, àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi kàn lẹ ń gùn ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi kẹ́ ẹ tó lè rí iwájú yín. Ẹ fún un nílẹ̀ díẹ̀.”

Pásítọ̀ wo ilẹ̀. Ó gbà, ó ní kìkì pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a gbẹ́ ẹ. Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀, ó fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ. Ilẹ̀ òkè le, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún un. Nísàlẹ̀ ó rọ̀. Nígbà tó jìn dé àyà rẹ̀, tó ti kọjá ibi tí kọnkéré parí sí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yẹ̀rẹ̀ lọ sí abẹ́ ògiri. Apá rẹ̀ wọlé dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wọlé dé èjìká. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀, ó ń wá a kiri.

Pákó ló fọwọ́ kàn. Ó ṣì le. Ikán kò fẹnu bà á. Ó fọwọ́ kan orí ìṣó, ọ̀kan, èkejì. Ẹ̀kẹta wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òun ló kàn án wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó rántí, omi ojú ò jẹ́ kó ríran. Ó di igun àpótí náà mú, ó fà á. Kò mì. Kọnkéré ti di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó fà á títí awọ ìka rẹ̀ fi bó, ó bú kọnkéré náà, ó tún fà á.

Ó fi í sílẹ̀. Ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, kí iwájú àpótí náà lè hàn sínú sàréè. Ó jáde, ó gbọn ara. Nígbà tí àwọn ènìyàn dé, tí Alàgbà wá yọjú wo inú ilẹ̀, tó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ó rí nǹkan, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Tó bá sọ ọ́, á tún di ti kíláàsì.

Ìhà ẹsẹ̀ pósí ló ní kí wọ́n kọ sí ògiri. Ó dúró tì wọ́n títí ó fi rí i pé igi kan igi. Pásítọ̀ ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ara tuntun. Láti ìhà òsì, ẹnì kan ní, “Ara yìí náà, àmín.” Láti ìhà ọ̀tún, wọ́n pòṣé. Pásítọ̀ gbé ohùn sókè. Alàgbà gbé tirẹ̀ sókè, ó ní òun kàn fẹ́ fi gbólóhùn kan kún un.

Ọmọ náà kó erùpẹ̀ kún ṣọ́bìrì, ó dà á sórí pósí. Ariwo rẹ̀ le. Pásítọ̀ dúró láàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ náà kó òmíràn.

“A ò tíì ṣe àdúrà ìkẹyìn,” ni Pásítọ̀ wí fún un pẹ̀lẹ́.

“Ẹ máa ṣe é lọ, sà. Mò ń bo bàbá mi.”

Alàgbà la ẹnu. Àǹtí wò ó, ó pa á dé. Ọmọ náà ò gbójú sókè mọ́. Ó gbọ́ àdúrà, ó gbọ́ àmín méjì tí kò bọ́ sígbà kan náà, ó gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń dún lábẹ́ bàtà wọn bí wọ́n ṣe ń lọ ní méjì méjì, tí wọ́n ń báríyànjiyàn lọ. Inú rẹ̀ ò rọ̀. Ó ti rò pé á rọ̀. Kò mọ èwo nínú wọn lòótọ́ ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ fún un bóyá òun á mọ bàbá òun tó bá ń rìn bọ̀ lókèèrè láìtiro.

Nígbà tó délé, àǹtí ti gbé oúnjẹ dè é, ó ti lọ. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé ṣọ́bìrì bíríkìlà lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó lè fọ̀ ọ́ dá padà, ó bu omi sí i. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ ibi tí irin ti wọ igi. Ó wá igi pẹlẹbẹ kan, ó jókòó sórí bíríkì, ó ń fi í ha amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ó tún bu omi sí i. Ó ń ha á.